Ìwé tuntun àti ètò tó ń bọ̀ ní ilé ìkàwé ìlú kékeré: báwo lẹ ṣe ń rí wọn bá?

Àbúrò Tuntun: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù kẹta rèé tí a ti dé ìlú kékeré tí a wà yìí, a sì ti gba káàdì ilé ìkàwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń fi íméèlì ránṣẹ́, tí wọ́n á to àwọn ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àti àwọn ètò tó ń bọ̀ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó ráyè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pẹpẹ ìwé tuntun á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọmọ mi lọ sí wákàtí ìtàn. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ pé ọmọ 15 péré ni yàrá náà gbà, àti pé wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ pé láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹkún ni ọmọ náà sun délé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ sì bá mi rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Ní ti ìwé, nígbà tí ẹ bá fi máa rí orúkọ rẹ̀ nínú íméèlì yẹn, àwọn ẹlòmíràn ti gba iwájú yín. Ìwé kì í ti ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde bọ́ sórí pẹpẹ lójú ẹsẹ̀. Bí ilé ìkàwé bá ti sọ pé òun fẹ́ rà á, orúkọ rẹ̀ á ti máa hàn nínú kàtálọ́ọ̀gì orí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń bọ̀ lọ́nà, nígbà mìíràn kí wọ́n tiẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó bá sì dé, wọ́n ṣì máa lẹ àmì tí ẹ̀rọ ń kà mọ́ ọn, wọ́n á fi ọ̀rá bo èèpo rẹ̀, wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí ni ẹni tó mọ ọ̀nà ti ń fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìlà àwọn tó ń dúró de ìwé náà. Ní Amẹ́ríkà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀pọ̀ ìwé tuntun máa ń jáde, Ọjọ́bọ̀ sì ni ní Ìlú Ọba. Ẹni tó bá ń yẹ kàtálọ́ọ̀gì wò ṣáájú ọjọ́ yẹn kò ní bá àṣẹ́kù.

Mo ní láti sọ pé èmi kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú àṣẹ́kù náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ìwé tí mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò sẹ́ni tó pariwo wọn.

Ìyá Ìbejì: Kí n fi ti ètò kún un. Ẹ má wo ọjọ́ tí ètò máa wáyé nìkan, ẹ wo ọjọ́ àti aago tí ìforúkọsílẹ̀ máa ṣí, nítorí ìlà kékeré ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Èmi máa ń fi fóònù dá aago lé e. Bí àyè bá ti kún, ẹ má pa ojú ewé náà dé. Ẹ fi orúkọ sí ìlà àwọn tó ń dúró, kí ẹ sì pe ilé ìkàwé láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí bí òjò bá rọ̀ tàbí tí ọmọ bá gbóná, àwọn òbí kan kò ní lè wá. Bí ẹ̀yin náà kò bá ní lè lọ, ẹ yọ orúkọ yín kúrò kí ọmọ ẹlòmíràn lè wọlé.

Ní ti ìwé tí ẹ bá béèrè fún, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ sí pẹpẹ àwọn tó fẹ́ wá gbé e. Mo pàdánù ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì tí mo fi dúró, nítorí pé àárín àwọn íméèlì ìpolówó ni ìkéde náà já sí. Ẹ mọ̀ pé orúkọ wa gùn: ìwé pélébé tí wọ́n máa ń kì bọ inú ìwé náà kì í gbà ju ìdajì orúkọ ìdílé mi lọ, nítorí náà nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì mi ni mo fi ń wá a.

Àbúrò Tuntun: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo rò pé ìwé tí a ń kà lórí fóònù á yá ju èyí lọ, ṣùgbọ́n Libby, áàpù tí a fi ń yá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìkàwé, sọ fún mi pé kí n dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí ló dé tí ìwé tí kò ní bébà fi ń tán?

Bàbá Kọ̀ǹpútà: Ilé ìkàwé kì í sábà ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ pátápátá, àṣẹ láti yá a jáde ni wọ́n ń rà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń lo àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àṣẹ kan máa ń parí lẹ́yìn ọdún méjì. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé HarperCollins gbé òfin kalẹ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yá ìwé kan jáde nígbà 26, kí ilé ìkàwé tún àṣẹ rẹ̀ rà. Ẹ fi orúkọ sí ìlà méjèèjì, ti bébà àti ti fóònù, kí ẹ gba èyí tó bá kọ́kọ́ kàn yín, kí ẹ sì fagi lé èkejì.

Àbúrò Tuntun: Ìwé Yorùbá ńkọ́? N kò tíì rí ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́: Bí ilé ìkàwé yín bá ń lo ètò nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé, èyí tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876, ẹ lọ wo 496.333 fún èdè Yorùbá àti 896.333 fún lítíréṣọ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ibẹ̀ lófìfo. Ẹ wá fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dábàá ìwé tí ilé ìkàwé máa rà, kí ẹ kọ àkọlé, òǹkọ̀wé àti ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé tó jẹ́ olónọ́ńbà 13, sí i, kí òṣìṣẹ́ má bàa máa fi àmì ohùn wá orúkọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè tẹ̀. Ẹ má fi mọ sórí fọ́ọ̀mù o. Ní ìlú kékeré, ẹni tó ń ra ìwé lè jẹ́ ẹni kan náà tó jókòó sídìí tábìlì iwájú, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá rà á, ẹ ní kí wọ́n bá yín yá a lọ́wọ́ ilé ìkàwé mìíràn. Ìyẹn máa ń pẹ́, wọn kì í sì í sábà yá ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ máa ń wá.

Àbúrò Tuntun: Mo padà wá jábọ̀. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù náà, ìwé tí mo ń wá ní kàtálọ́ọ̀gì ṣì ń bọ̀ lọ́nà, èmi sì ni ẹni kẹrin lórí ìlà. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ òní ni ìforúkọsílẹ̀ wákàtí ìtàn ṣí. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì, orúkọ ọmọ mi ti wọlé. Ṣé ó yẹ kí n gba káàdì tirẹ̀ fún un?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà á kíákíá, bí wọ́n bá ń fún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀. Iye ìwé tí ènìyàn lè béèrè fún lórí káàdì kan ní òǹkà, ìwé àwòrán ọmọdé yóò sì tètè gba gbogbo àyè tiyín.