Sítátà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú: ta ló lè là mí lóye?

Ọmọ Ìbàdàn, Tulsa
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mò ń kọ́ṣẹ́ títún ọkọ̀ òfuurufú ṣe níbí, ìdánwò àfẹnuṣe A&P mi (ìwé àṣẹ títún ọkọ̀ òfuurufú ṣe ní Amẹ́ríkà) sì di Ọjọ́bọ̀. Lánàá, olùkọ́ bi mí pé ìgbà wo ni iṣẹ́ sítátà máa ń parí lára ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì. Mo ní ìgbà tí iná bá ti ràn nínú ẹ́ńjìnnì. Ó kàn mi orí, ó ní kí n lọ tún un rò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Ìbejì, Houston
Àbúrò, o kú ìgbìyànjú. Ìdáhùn tó o fún un yẹn, tẹ́nì kan bá fi ṣiṣẹ́, yóò ba ẹ́ńjìnnì olówó iyebíye jẹ́. Fara balẹ̀ gbọ́.

Mú ọkọ̀ Boeing 737 tó ń lo ẹ́ńjìnnì CFM56. Afẹ́fẹ́ ló ń yí sítátà rẹ̀, kì í ṣe bátìrì. APU, ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà ní ìdí ọkọ̀, ló ń fún afẹ́fẹ́ náà wá. Fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́, á ṣí, afẹ́fẹ́ á ya wọ táábáìnì, kẹ̀kẹ́ alábẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nínú sítátà. Táábáìnì yẹn ń sáré bí ìjì, àmọ́ kò lágbára. Gíá ló ń sọ eré rẹ̀ di agbára tó lè yí N2, ìyẹn ọ̀pá inú lọ́hùn-ún. Fáànù ńlá tí gbogbo ayé ń rí níwájú, sítátà ò fọwọ́ kàn án rárá. Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá ló ń mú un yí.

Bí eré N2 bá tó 25%, páílọ́ọ̀tì á fún un lépo, iná á ràn. Ibẹ̀ lo ti fẹ́ kí sítátà máa lọ sílé. Ṣé o rántí bá a ṣe ń ti mọ́tò nílé? Tó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣé a máa ń fi í sílẹ̀? A ó máa tì í lọ ni, títí yóò fi mú dáadáa. Ní 25%, ẹ́ńjìnnì kò tíì lè dá fa afẹ́fẹ́ tó máa tó o. Bí sítátà bá jáwọ́, eré á dúró lójú kan, epo ń wọlé, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó tù ú kò tó, ìgbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. 725°C ni ààlà ìgbóná èéfín rẹ̀ nígbà tá a bá ń ṣíná nílẹ̀. Nítorí náà, sítátà á bá a lọ dé nǹkan bí 56% kó tó fi í sílẹ̀. Sọ fún olùkọ́ rẹ pé: ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá lè dá sáré.

Ìyá Àyọ̀, Leeds
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Cessna 172 ni èmi fi ń kọ́ wíwà ní tèmi, wọ́n sì ní kí n ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní kété tó bá ti mú. Ṣé kì í ṣe ìkan náà ni?

Bàbá Ìbejì, Houston
Rárá o, ìyá wa, wọ́n yàtọ̀ pátápátá, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni àbúrò wa ti ṣì í. Ẹ́ńjìnnì oní-písítìn ni tiyín. Bó bá ti mú, ó ti lè dá ṣiṣẹ́ nìyẹn. Iná bátìrì ló ń yí sítátà tiyín, gíá kékeré kan á jáde lọ gbá gíá ńlá ara ẹ́ńjìnnì mú. Tẹ́ ẹ bá wá di kọ́kọ́rọ́ mú lẹ́yìn tó ti mú, ẹ ń pa sítátà lára ni. Nínú òtútù yín yẹn, ọ́ìlì á ki, bátìrì á rẹ̀, wáyà inú sítátà á máa gbóná. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni kẹ́ ẹ fi yí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù fún 20. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 10.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Toronto
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, ojú mi ló ṣe. Ní òtútù ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, fáàfù sítátà ọkọ̀ kan kọ̀, kò ṣí. Wọ́n ní kí n lọ fọwọ́ ṣí i. Ojú ihò kékeré kan wà lára ìdérí ẹ́ńjìnnì tá a ti máa ń fi sípánà yí i, páílọ́ọ̀tì á sì máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ létí. Mo ṣí i, mo gbọ́ tí ìró yí padà, mo mọ̀ pé iná ti ràn, mo bá tì í kó tó ní kí n tì í. Lójú ẹsẹ̀ ni ìgbóná gbéra. Ọpẹ́lọpẹ́ páílọ́ọ̀tì tó gé epo kíá. A tún un bẹ̀rẹ̀, mo sì dúró títí mo fi gbọ́ "tì í" létí mi kedere.

Àbúrò, tó bá kàn ọ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀nà tí wọ́n bá fi hàn ọ́ ni kó o gbà débẹ̀, òun náà ni kó o gbà padà. Má gba iwájú ẹ́ńjìnnì, má gba ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn, Tulsa
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni Boeing 787?

Bàbá Ìbejì, Houston
Ìyẹn kò lo afẹ́fẹ́. Jẹnẹrétọ̀ 2 ló wà lára ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, agbára iná ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 250 kVA. Àwọn kan náà ni sítátà: wọ́n á kọ́kọ́ gba iná mànàmáná láti yí ẹ́ńjìnnì, bó bá ti dá sáré tán, wọ́n á yí padà, wọ́n á máa pèsè iná fún ọkọ̀. Ìgbà tí wọ́n máa ń jáwọ́ náà kò yàtọ̀ sí ohun tí mo sọ fún ọ lókè.

Ọmọ Ìbàdàn, Tulsa
Ó ti yé mi wàyí, sà. Mà á padà wá síbí lọ́jọ́ Ẹtì.