Ẹ̀yin tọkọtaya tó ti rìn létí Òkun Mẹditaréníà, kí lẹ rí níbẹ̀?

Ìyá Tọ́lá (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Arábìnrin kan béèrè bóyá kí òun àti ọkọ òun sanwó fún ìrìn àjò alájọrìn, èyí tí wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀sì ńlá kó èèyàn láti ìlú dé ìlú létí Òkun Mẹditaréníà. Tèmi ni pé kí wọ́n fi owó yẹn pamọ́. Èmi àti Bàbá Tọ́lá wọ réluwéè láti Marseille nílẹ̀ Faransé títí dé Cinque Terre nílẹ̀ Ítálì, ibi tó bá wù wá la ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé etíkun kan ṣoṣo ni gbogbo ibẹ̀, bí àwọn ìjọba tilẹ̀ fi ààlà gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ ló máa mọ̀.

Marseille ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé ìlú náà gbóná, pé jáguda pọ̀ níbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ gbé báàgì síwájú àyà, kí ẹ máa rìn lọ. Àwọn Gíríìkì ló tẹ ìlú yẹn dó ní nǹkan bí 600 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, ó sì ti ń gba àlejò láti ìgbà náà. Láàárọ̀, ní èbúté àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Vieux-Port, ẹ ó bá àwọn tó pàtẹ ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, òmíràn ṣì ń jà nínú ọpọ́n. Ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ sí i, ẹ ó dé ọjà Noailles. Ará Àlùjéríà, ará Tùnísíà, ará Senegal, ará erékùṣù Comoros, gbogbo wọn ló ń tajà níbẹ̀. Isu wà, ògẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà, ata rodo wà. Bàbá Tọ́lá kò gbọ́ Faransé, ìyá onísu kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ìka ọwọ́ ni àwọn méjèèjì fi ná isu náà títí ọjà fi wọ̀. Yàrá tí a gbà ní ilé ìdáná kékeré kan. Isu yẹn la sè lálẹ́, a fi ẹja èbúté se ọbẹ̀ ata sí i.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ní Marseille wà lórí òkè. Ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame de la Garde ni, tí wọ́n yà sí mímọ́ lọ́dún 1864. Ère Màríà tó gbé Jésù lọ́wọ́, tí wọ́n fi wúrà bò, wà ní téńté rẹ̀, kò sí ibi tí ẹ dúró sí láàárín ìlú tí ojú yín ò ní í tó o. Tí ẹ bá wọlé, ẹ gbójú sókè. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ni wọ́n so rọ̀ láti òrùlé. Àwọn atukọ̀ tí Ọlọ́run kó yọ nínú ìjì, àti àwọn ẹbí wọn, ló gbé wọn wá láti fi dúpẹ́. Ara ògiri kún fún òkúta mábù pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ "Merci" sí, òmíràn ní ọjọ́ àti ọdún, òmíràn kò tilẹ̀ ní orúkọ. Èmi tí mo dàgbà nínú ìjọ tí wọ́n ti ń jẹ́rìí ọpẹ́ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, mo mọ ohun tí mò ń wò. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́ tèmi náà lórí ọmọ wa tó ṣe iṣẹ́ abẹ tó sì yè é.

Láti Marseille lọ sí Nice, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí nínú réluwéè, kí òkun lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má sùn lẹ́yìn Saint-Raphaël. Ibẹ̀ ni òkè Estérel ti bẹ̀rẹ̀, àpáta rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà wọnú omi, réluwéè sì ń gba àárín àpáta àti omi lọ. Bàbá Tọ́lá tí wọn kì í fẹ́ ya fọ́tò, fóònù mi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Ní Nice, ẹ má retí yanrìn, òkúta roboto ló kún etíkun wọn, ẹ mú bàtà rọ́bà dání. Ọjà Cours Saleya ni kí ẹ lọ. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ socca. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà roboto tí wọ́n ń pè ní chickpea ni, wọ́n pò ó mọ́ omi, iyọ̀ àti òróró ólífì, wọ́n dà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú páànù bàbà tó fẹ̀ bẹ̀ǹtẹ̀, wọ́n sì tì í sínú ààrò onígi. Nígbà tí páànù náà jáde, etí rẹ̀ ti jó díẹ̀, àárín rẹ̀ ṣì rọ̀. Ọkùnrin tó ń tà á fi irin pẹlẹbẹ họ ọ́ jálajàla, ó wọ́n ata dúdú sí i, ó fi bébà wé e fún wa. Bí mo ṣe fi sẹ́nu báyìí, àkàrà tí ìyá mi máa ń dín láàárọ̀ Sátidé ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìyẹ̀fun yìí kan náà ni wọ́n dín nínú òróró tí wọ́n tà fún wa ní Marseille, tí wọ́n ń pè ní panisse. Nígbà tí a dé Genoa ní Ítálì, a tún bá a nínú ààrò, farinata ni wọ́n ń pe tiwọn. Bàbá Tọ́lá tí wọ́n fẹ́ràn ìtàn ló wá là á yé mi: ọdún 1860 ni Nice ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé pátápátá, Garibaldi tó jagun kí Ítálì tó di orílẹ̀-èdè kan, Nice ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1807. Ẹ wá rí i pé ààrò ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fa ààlà.

Monaco mọ́, ó sì dán. Gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò ju nǹkan bí kìlómítà méjì níbùú lóòró lọ. Tí àkókò yín bá kéré, ẹ fò ó, kí ẹ sọ̀ ní Menton. Menton náà wà lábẹ́ Monaco rí, ọdún 1861 ni ọba wọn gbowó lọ́wọ́ Faransé tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Igi lẹ́mọ́ọ̀nù wà káàkiri ibẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe ọdún lẹ́mọ́ọ̀nù nínú oṣù Kejì.

Lẹ́yìn Menton, Ítálì ló kàn. Ìlú àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni Ventimiglia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi ka èyí. A jókòó síta ìdíkọ̀ réluwéè, mò ń sọ fún Bàbá Tọ́lá pé, "Ẹ bá mi mú omi yẹn wá," bí ẹnì kan ṣe kí wa látẹ̀yìn nìyẹn: "Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni. Ó ní ọmọ Òṣogbo lòun, pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àgbàlagbà. Agadez nílẹ̀ Niger ló gbà dé Líbíà, Líbíà ló ti wọ ọkọ̀ rọ́bà. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni Faransé ti dá àyẹ̀wò ìwé padà sí ààlà yẹn, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì há sí Ventimiglia, wọn ò lè tẹ̀ síwájú, wọn ò fẹ́ padà sẹ́yìn. Bàbá Tọ́lá ra oúnjẹ, a jọ jẹ ẹ́. Ó bi wá bí Nice ṣe rí. Nígbà tí réluwéè wa dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì níwájú gbogbo èrò, Bàbá Tọ́lá sì fà á dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre fún un títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọkọ̀ fẹ́ lọ. Òkun tí àwa sanwó kí a lè wá wò, òun ni ọmọ yẹn fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu là kọjá. Láti ọjọ́ náà, ojú tí mo fi ń wo omi yẹn ti yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá gba ibẹ̀, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Lápá Ítálì, réluwéè ń gba inú ihò abẹ́ òkè ní ọ̀pọ̀ ibi, torí wọ́n ti ṣí ojú irin kúrò létíkun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ojú irin àtijọ́ láàárín Ospedaletti àti San Lorenzo al Mare di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. A háyà kẹ̀kẹ́ méjì ní Sanremo, a wà á lẹ́bàá omi títí ọ̀sán fi pọ́n. Ní Genoa, ẹ wọ líìfítì lọ sí Castelletto, ẹ ó rí òrùlé gbogbo ìlú àti Lanterna, ilé iná àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ga ní mítà 77.

Cinque Terre wá ni olórí gbogbo rẹ̀. Abúlé márùn-ún ni: Monterosso, Vernazza, Corniglia, Manarola àti Riomaggiore. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi wọ́n sára ogún gbogbo ayé lọ́dún 1997. Ohun tí UNESCO rí níbẹ̀ kò mọ sórí ilé aláràbarà tí gbogbo èèyàn ń yà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkè: ògiri òkúta tí wọ́n tò láìfi símẹ́ǹtì kankan sí i, ìpele lórí ìpele, kí yẹ̀pẹ̀ má bàa yọ́ sínú òkun, kí àjàrà lè rí ibi hù. Ọwọ́ àgbẹ̀ ló ṣe é. Mo rí bàbá arúgbó kan tó ń dá òkúta tó ṣubú padà sáyè rẹ̀, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, títí ó fi jókòó. Níbi tí ògiri bá ti bàjẹ́, òkè kì í pẹ́ ya. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, òjò ńlá wọ́ ẹrẹ̀ àti òkúta bo Vernazza àti Monterosso, ó sì gba ẹ̀mí. Ẹni tó bá rí Vernazza lónìí kò ní í mọ̀ pé ẹrẹ̀ kún ojú títì ibẹ̀ rí.

Corniglia wà lórí òkè, ìdíkọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àtẹ̀gùn tó lé ní 370 ló wà láàárín. Ẹni tí orúnkún ń dùn, bọ́ọ̀sì kékeré kan wà tó ń gbé èèyàn gòkè, òun ni Bàbá Tọ́lá wọ̀. Èmi fẹsẹ̀ gùn ún, mo ń dúró mí ní gbogbo ìpele, gbogbo ìgbà tí mo bá sì yíjú padà ni òkun ń fẹ̀ sí i.

Bàbá Ìbejì (Manchester)

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Tọ́lá. Ọlọ́run á ṣọ́ ọmọ Òṣogbo yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú òdìkejì òkun náà wá. Tunis, olú ìlú Tùnísíà, ni èmi àti ìyàwó mi lọ. Réluwéè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TGM ló máa gbé yín láti Tunis gba Carthage kọjá dé Sidi Bou Said. Sidi Bou Said rẹwà lóòótọ́, ilé funfun, ilẹ̀kùn búlúù, wọ́n sì ń dín ìyẹ̀fun pípò kan tí wọ́n ń pè ní bambalouni, tí wọ́n ń da ṣúgà lé ní gbígbóná. Ṣùgbọ́n Carthage, ìlú ńlá ayé àtijọ́, ló mú wa débẹ̀. Àwọn ará Róòmù run ún lọ́dún 146 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn náà ló tún un kọ́ nígbà tó yá, ilé ìwẹ̀ ńlá tí wọ́n kọ́ létí omi, òpó rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Augustine, ẹni mímọ́ tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ láyé àtijọ́, kàwé ní Carthage, ó sì kọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Perpetua àti Felicitas nítorí ìgbàgbọ́ wọn lọ́dún 203. Ọ̀kan ń tọ́mọ lọ́wọ́, èkejì jẹ́ ẹrú tó bímọ sẹ́wọ̀n. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni ìyàwó mi. Nígbà tí a dé pápá ìṣeré àtijọ́ náà, tó ti di ihò nínú koríko, ó ní kí n ṣí Bíbélì, a sì ka Sáàmù níbẹ̀, àwa méjì péré. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀sìn Kristi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Áfíríkà lánàá lọ dúró síbẹ̀.

Àdùkẹ́ (Houston)

Ọkọ̀ ojú omi ńlá ni tiwa, torí ọ̀pá ni ọkọ mi fi ń rìn, kò lè máa gbé ẹrù sókè sódò nínú réluwéè. Kí ẹ mọ̀ ṣá o, tí àwọn ọlọ́kọ̀ bá kọ "Róòmù" sínú ìwé ètò ìrìn àjò wọn, Civitavecchia ni ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí, ó tó kìlómítà 70 sí Róòmù. Tí wọ́n bá kọ "Florence", Livorno ni. Ẹ ó lò lára wákàtí yín lójú ọ̀nà. Naples ló tẹ́ wa lọ́rùn jù, torí àárín ìlú ni èbúté rẹ̀ wà, òkè Vesuvius tó bo Pompeii mọ́lẹ̀ lọ́dún 79 sì wà níwájú yín láti orí ọkọ̀. Ìyá Tọ́lá, oṣù wo lẹ lọ? Ọ̀rẹ́ wa kan tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ bá wa lọ, kí ló máa ṣe?

Ìyá Tọ́lá (Lọ́ńdọ̀nù)

Àdùkẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ. Ìparí oṣù Kẹsàn-án la lọ, omi ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ ó ṣeé wẹ̀. Oṣù Karùn-ún náà dára. Oṣù Keje àti Kẹjọ, oòrùn ibẹ̀ kò ṣeé fara da, èrò sì máa ń kún Cinque Terre débi pé ẹ ò ní í rí ibi dúró sí nínú réluwéè.

Ọ̀rẹ́ yín máa gba físà Schengen, ìyẹn físà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, bó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹyọ kan náà ló máa bá a wọ Faransé àti Ítálì. Orílẹ̀-èdè tó máa sùn sí jù lọ ni kó lọ bá, kó sì tètè lọ. Tunisia tí Bàbá Ìbejì lọ kò sí lábẹ́ Schengen, ètò tirẹ̀ yàtọ̀.

Tí ẹ bá ń ti Ítálì padà sí Nice, ẹ jẹ́ kí páásípọ́ọ̀tù wà nítòsí ọwọ́. Ọlọ́pàá wọ réluwéè wa ní Menton-Garavan láti yẹ ìwé wò. Ní Ítálì, tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bébà lẹ rà fún réluwéè agbègbè tí wọ́n ń pè ní Regionale, ẹ fi sínú ẹ̀rọ òǹtẹ̀ tó wà ní ìdíkọ̀ kí ẹ tó wọlé, torí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.