Kí wọ́n tó sọ gíà ọkọ̀ yín kalẹ̀

Mẹkáníìkì, Kétu

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ gíà òtòmátíìkì yín kalẹ̀ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń dùn mí. Mo ń rí ọkọ̀ tí wọ́n ti ra gíà tòkúnbọ̀ sí, tí àìsàn tó gbé wá ṣì wà lára rẹ̀.

Tíṣà kan gbé ọkọ̀ ilé Japan wá bá mi. Láàárọ̀, ọkọ̀ á rìn dáadáa láti Pobè. Tí oòrùn bá ti mú, gíà á dúró sójú kan: ọkọ̀ á wúwo tó bá fẹ́ gbéra, ẹ́ńjìnnì á sì máa ké lójú títì. Níbi tó kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní gíà ti kú, kó lọ wá owó òmíràn. Obìnrin náà ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ́ílì ni mo kọ́kọ́ wò. Mo gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, mi ò pa á. Mo tẹ bíréèkì, mo fa gíà láti P (ipò ìdúró) dé L (ipò tó kẹ́yìn), mo dá a padà sí P. Ìgbà náà ni mo fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, mo nù ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́. (Ti Honda ò rí bẹ́ẹ̀ o: ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ná, kí ẹ tó wò ó.) Ọ́ílì náà pọ́n, ó dé ojú àmì HOT, kò rùn bí ohun tó jóná. Mo bi tíṣà bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i, ó ní rárá. Gíà tí àwo inú rẹ̀, àwọn pẹlẹbẹ tó ń di gíà mú kó lè wa ọkọ̀, ti jó, ó ṣòro kí ọ́ílì rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo so ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àìsàn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ pamọ́, mọ́ ọn: P0753. Iná tó ń lọ sí sòlẹ́nọ́ìdì A nìyẹn, ìyẹn fáàfù kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń darí ọ́ílì láti yí gíà. Tí kọ̀ǹpútà bá rí i pé iná ibẹ̀ já, á ti gíà mọ́ ojú kan kó má baà bàjẹ́. Mo já sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi mítà wọn bí sòlẹ́nọ́ìdì náà ṣe ń dí iná lọ́nà tó: óòmù 13. Láàárín 11 sí 15 ni ìwé ọkọ̀ yẹn fẹ́. Ara rẹ̀ le. Mo wá so mítà mọ́ wáyà, mo ń fọwọ́ rọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí mo ṣe dé abẹ́ ibi tí bátìrì jókòó, nọ́ńbà orí mítà pòórá. Mo tẹ ibẹ̀, ó padà wá. Rọ́bà ẹ̀yìn ò já, ṣùgbọ́n bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, omi bátìrì ti jẹ ẹ́.

Mo gé ibi tó kú, mo fi wáyà tuntun so ó, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o, mo pa kóòdù rẹ́. A wà á lọ sí Pobè lọ́sàn-án gangan, a wà á bọ̀. Gíà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ò ta ilẹ̀ mọ́.

Oníṣòwò àgbàdo, Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ní tèmi, gíà ló bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ ló pa á. Ọkọ̀ tí mo fi ń kó ẹrù lọ sí Ouando bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n nígbà tí mo bá tẹ iná. Mẹkáníìkì mi fa ọ̀pá yọ, ọ́ílì náà ti di bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Páìpù ọ́ílì gíà máa ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù. Tí ibẹ̀ bá jò, omi á wọ inú gíà, gíríìsì kọ́ lẹ ó rí o, àdàlù omi àti ọ́ílì ni, omi náà á sì máa bó ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àwo. A kò wà á mọ́ láti ibẹ̀. A pààrọ̀ rédíétọ̀, a sì tún gíà ṣe. Ó ná mi lówó gan-an. Ẹni tí rédíétọ̀ rẹ̀ ti gbó, ẹ bá mi sọ fún un.

Awakọ̀, Ṣabẹ

Ọkọ̀ mi kú lọ́nà Parakou, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mú okùn wá pé àwọn á fà á. Mo ní rárá. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ńpù ọ́ílì gíà. Tó bá ti kú, tí táyà iwájú tó ń wa ọkọ̀ sì ń yí nílẹ̀, ní gbígbẹ, láìsí ọ́ílì, ni inú gíà ń yí. Mo dúró de ọkọ̀ tó lè gbé e sẹ́yìn.

Tí gíà bá kọ̀ láti kúrò ní P, ẹ wo iná bíréèkì ẹ̀yìn kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bí kò bá tàn, súwíìṣì kékeré orí pẹ́dà bíréèkì ni ẹ kọ́kọ́ fura sí: òun ló ń sọ fún ọkọ̀ pé ẹ ti tẹ bíréèkì, kí gíà tó lè kúrò ní P.

Ọmọ Kétu kan

Ẹ̀gbọ́n, wọn ò yí ọ́ílì gíà tèmi rí. Ṣé kí n yí i?

Mẹkáníìkì, Kétu

Àbúrò, tí gíà kò bá máa ń yọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wà á, tí ọ́ílì ò sì rùn, yí i. Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Ẹ tú abọ́ ìsàlẹ̀, ẹ wọn iye tó jáde, iye yẹn ni kẹ́ ẹ dá padà, irú ọ́ílì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ. Ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì inú abọ́ náà: ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná kì í ṣe nǹkan, gbogbo gíà ló ń ní i. Bó bá jẹ́ èérún irin tí ọwọ́ lè mú, ẹ dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ pè mí.