Àdìrẹ onípákó ti àwọn ará Jàpáàn: kí ló ń mú kí aró wọ ibi tó yẹ kó funfun?

Aláṣọ Ìtokú
Ẹ̀yin àgbà aláró, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè mi dá lórí shibori, àdìrẹ àwọn ará Jàpáàn. Nínú oríṣi rẹ̀ kan, wọn a ká aṣọ, wọn a fi pákó méjì há a, wọn a tẹ etí rẹ̀ bọ aró. Tí wọ́n bá tú u, òdòdó á jáde káàkiri. Aṣọ ìnuwọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní tenugui ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. L'Ábẹ́òkúta a mọ oníko, a mọ alábẹ́rẹ́, a mọ ẹlẹ́kọ; onípákó ló ṣàjèjì. Báwo ni wọ́n ṣe ń ká a? Kí ló sì ń mú kí aró ràn wọ abẹ́ pákó? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé páìpù omi ṣeé lò fún èyí tó máa ń ní ilà tó dá gbọọrọ, arashi?

Ìyá Aláró Kẹ́mta
Ẹ kúuṣẹ́. Tenugui jẹ́ bíi 35 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 90 ní gígùn, òwú fẹ́lẹ́ lásán ni. Ẹ má fi gínì ṣe é. Ó nípọn, ó ń dán, kò ní ká dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí sítáàṣì tó wà lára aṣọ tuntun kì í jẹ́ kí aró mú. Lẹ́yìn náà, ẹ ká ìbú rẹ̀ sí mẹ́rin, síwá sẹ́yìn bí abẹ̀bẹ̀, kó di ọ̀já tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá máa ká ọ̀já yẹn sí onígun mẹ́ta, síwá sẹ́yìn bákan náà, títí yóò fi tán. Ẹ má ṣe yí i bí ẹni ń ká ẹní o: ìpele tó bá bọ́ sínú kò ní rí aró rárá, òdòdó kan á dúdú, èkejì á ṣì.

Pákó náà gbọ́dọ̀ kéré sí aṣọ, kí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan yọ létí. Kílámpù káfíńtà ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe okùn nìkan.

Ní ti aró tó ń ràn, aṣọ gbígbẹ ló sábà máa ń fà á. Òwú gbígbẹ máa ń fa omi, á sì fa aró bọ́ sáàárín. Tí ẹ bá ti há a tán, ẹ rì í sínú omi tó mọ́ títí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ fún un, kó tó kan aró. Omi tó ti gbàyè nínú ni kò ní jẹ́ kí aró ráyè. Pákó rírọ̀ náà máa ń mu aró, tí á sì pọ̀ ọ́ sára aṣọ tó tẹ̀lé e. Ẹ kùn ún ní fánísì, tàbí kí ẹ gé pátákó rọ́bà líle dípò rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀
Mo fara mọ́ Ìyá. Ẹ̀fúùfù náà níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Bí ẹ bá ń lo aró oní-kọ́sítíìkì (sódà líle) àti háídírọ́ọ̀sì (kẹ́míkà tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú aró), ẹ máa fi aṣọ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ìka ṣí etí ìpele rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Yóò jáde ní àwọ̀ ewé, yóò sì di búlúù lójú yín. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó tún un rì, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kíki rẹ̀ ń bọ̀ láti inú rírì léraléra. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ni aró á máa yọ́ wọ abẹ́ pákó.

Tí aró inú ìkòkò bá ti di búlúù dípò àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fi háídírọ́ọ̀sì díẹ̀ sí i, kí ẹ rò ó jẹ́jẹ́, kí ẹ dé e. Kí háídírọ́ọ̀sì má fara kan omi nínú ike rẹ̀ o, ó lè gbóná kó sì gbiná. Kọ́sítíìkì ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi lé e lórí. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ẹ ṣan án nínú omi kí ẹ tó tú pákó. Aró tí kò tíì rí afẹ́fẹ́ ṣì wà létí rẹ̀. Ẹ bá tú u bẹ́ẹ̀, á ṣàn sórí funfun.

Aláṣọ Ìtokú
Ẹ ṣé gan-an. Ẹlú wa ńkọ́? Ṣé òun náà lè ṣe é?

Ìyá Aláró Kẹ́mta
Ó lè ṣe é dáadáa. Àwọn ará Jàpáàn náà ní tiwọn, sukumo, ewé aró jíjẹrà ti agbègbè Tokushima. A ń gún ewé ẹlú, a sì ń sá a. Àwọn a sá ewé tiwọn gbẹ, wọn a máa wọ́n omi sí i, wọn a máa yí i fún bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kó jẹrà. Omi eérú ni wọ́n ń pò ó pọ̀ mọ́, bíi tiwa, wọ́n á fi èèrí àlìkámà bọ́ ọ kó lè wú. Ẹ rì í pẹ́ díẹ̀ sí ti oní-kọ́sítíìkì.

Onílà Làfẹ́nwá
Lórí arashi: páìpù oníke tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì mẹ́rin dára. Ẹ wé aṣọ mọ́ ọn ní ìdábùú, kó má ṣe tọ́. Ẹ fi òwú líle wé e yípo, kí àlàfo òwú méjì jẹ́ ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Tí ẹ bá wé e dé bí ọwọ́ méjì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti aṣọ sísàlẹ̀ kó sún kì, kí ẹ tún máa wé lọ. Òwú náílọ́ọ̀nù máa ń yọ̀, ilà á sì dàrú. Ti òwú gidi ló ń dì mú. Ẹ wọn jíjìn ìkòkò aró yín kí ẹ tó gé páìpù, nítorí aṣọ gbọ́dọ̀ rì pátá. Bí ìkòkò kò bá jìn tó, ẹ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́.

Arimatsu ní Nagoya ni ìlú tó mọ̀ ọ́n jù. Wọ́n ti ń ṣe shibori níbẹ̀ láti 1608, wọ́n sì ń ta tenugui láyé àtijọ́ fún àwọn arìnrìn-àjò ojú ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní Tokaido. Àlejò tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè dì, kó rẹ, kó sì mú aṣọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà.