Ta ló ti gbé alùpùpù wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi ìdíje TT ní Isle of Man?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Adéwakọ̀:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Èmi àti àbúrò mi tí a jọ ń gbé ní Manchester fẹ́ lọ wo ìdíje alùpùpù TT (Tourist Trophy) ní erékùṣù Isle of Man, a sì fẹ́ gun alùpùpù wa lọ dípò kí a wọ bàálù. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ nípa eré yìí, ṣùgbọ́n a kò gbé alùpùpù sọdá òkun rí. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni bí tèmi, tí mi ò tíì rà pẹ́, yóò ṣe dúró láìṣubú bí òkun bá ń ru. Mo tún fẹ́ mọ èwo ló sàn láàárín èbúté Heysham àti ti Liverpool, àti bóyá a lè lọ ní òwúrọ̀ kí a sì padà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ti lọ rí là mí lọ́yẹ̀.

Èsì láti ọwọ́ Bàbá Akoto:

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, àbúrò. Ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ibi tí ẹ óò sùn, kí ẹ sì tó gba àyè níbi iṣẹ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Isle of Man Steam Packet, tó ti wà láti 1830, ni gbogbo ọlọ́kọ̀ àti ọlọ́pùpù ń rọ́ lọ bá fún ọ̀sẹ̀ méjì tí eré náà ń gbà ní ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni àyè alùpùpù ti máa ń tán.

Láti Heysham, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Manxman, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, máa ń dé Douglas, olú ìlú erékùṣù náà, láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45. Manannan tó ń gbéra ní Liverpool yára jù ú lọ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró bí ìgbì bá ga. Ní tèmi, Heysham ni mo máa mú, àní bí ojú ọjọ́ bá tilẹ̀ dára.

Ẹ má sì ra ìwé ìpadàbọ̀ sí ọjọ́ eré ìkẹyìn gan-an. Ojú ọjọ́ ni ọ̀gá níbẹ̀: ní 2025, wọ́n fagi lé eré Senior, tí í ṣe òléwájú nínú gbogbo eré náà, nítorí afẹ́fẹ́ líle.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Mẹkáníìkì:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti alùpùpù. Tí ẹ bá wọ inú ọkọ̀, òṣìṣẹ́ kan yóò na ọwọ́ síbi tí ẹ óò dúró, ẹ óò tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sí jíà kìíní kó má baà yí, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò fi okùn fífẹ̀ fà á mọ́lẹ̀ títí tí táyà yóò fi tẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ mú aṣọ inura kan dání tí ẹ óò tẹ́ sábẹ́ okùn náà lórí àga, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti máa ń ha nǹkan. Bí ó bá ní aago olè, ẹ pa á, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ jíjì ọkọ̀ yóò máa mú un ké títí tí bátìrì yóò fi kú.

Ẹ kó jákẹ́ẹ̀tì, omi àti oògùn èébì lọ sókè, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ alùpùpù nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú òkun. Irin ni ojú ọ̀nà àbáwọlé ọkọ̀, omi sì máa ń wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ rọra wọlé láìtẹ bíréèkì lójijì.

Èsì láti ọwọ́ Ìyá Àrẹ̀mọ:

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa Heysham, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan. Ojú títì tí gbogbo ìlú ń rìn ni wọ́n ń sáré lórí rẹ̀, òbìrí rẹ̀ sì tó máìlì 37.73. Bí wọ́n bá ti tì í, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á kọjá, bí òjò bá sì sún eré síwájú, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù ọkọ̀ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ fi alùpùpù sílẹ̀ ní Douglas, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin oníná lọ sí Laxey, kí ẹ sì wọ ti òkè Snaefell dé ibi tí wọ́n ń pè ní Bungalow, níbi tí ère Joey Dunlop, gbajúmọ̀ olùdíje TT, wà. Ìgbà 26 ni Joey borí, kí Michael, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó kọjá rẹ̀ ní 2024. Ní Ballaugh Bridge, afárá kan lójú ọ̀nà eré náà, ẹ óò rí i tí táyà méjèèjì alùpùpù àwọn olùdíje ń kúrò nílẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ń bẹ̀ yín sí. Lásìkò TT, ọ̀nà orí òkè láti Ramsey sí Douglas máa ń di aláàlọ nìkan, kò sì sí òté lórí bí èèyàn ṣe lè sáré tó ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀. Àwọn àlejò ń kú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú kọjá, ẹ má bá wọn du ú.

Adéwakọ̀:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. A ó gba Heysham, a ó sì sùn ní erékùṣù náà. Ṣé owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ná?

Bàbá Akoto:

Wọ́n ń gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní pọ́n-ùn tiwọn, iye kan náà sì ni méjèèjì. Tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ ná tán kí ẹ tó wọkọ̀ padà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Manchester kì í gbà á. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn abánigbófò yín bóyá ìwé adójútòfò alùpùpù yín dé erékùṣù náà.