Kí lẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́ tí ara yín fi ń yá? Mi ò lówó jímù o

Télọ̀_Alékúwodò
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Òṣogbo. Aṣọ ni mò ń rán ní Alékúwodò níbí, àtàárọ̀ ni mo ti máa ń jókòó ti máṣíìnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí n bá wá délé ẹ̀yìn á máa ro mí, oorun ò ní í kùn mí, màá wá máa tẹ fóònù títí aago kan òru, ilẹ̀ á mọ́ inú á kàn máa bí mi sí gbogbo ayé, kódà kọ́sítọ́mà tó wá sanwó gan-an mo lè jágbe mọ́ ọn. Ìyàwó mi ní mo ti ń ṣe bí arúgbó, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pé ogójì ọdún. Nǹkan kéékèèké tẹ́yin fúnra yín ń ṣe ni mò ń bèèrè o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp.

ỌmọÒròkí
Bọ̀dá télọ̀ ẹ pẹ̀lẹ́. Fóònù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Pálọ̀ ni mo ti ń ṣájì tèmi báyìí, kì í wọ yàrá mọ́, mo wá lọ ra aago kékeré tó ń dún láàárọ̀ ní Ọjà Ọba kí n má baà rí àwáwí pé torí kó lè jí mi ni mo ṣe gbé fóònù sígbèérí. Oorun ti wá ń kùn mí dáadáa. Àfi tí NEPA bá múná dé láàjìn tí gbogbo ilé bá dìde láti lọ aṣọ, ìyẹn ò lóògùn 😂

Nọ́ọ̀sìTóTiFẹ̀yìntì
Ọmọ mi, kó o tó ṣe ohunkóhun, lọ yẹ bípì rẹ wò ní ọsibítù tó bá sún mọ́ ẹ, torí ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára èèyàn fún ọdún púpọ̀ kó má mọ nǹkan kan. Tí ti òkè bá tó 140 tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 90, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, dókítà ni kó o lọ rí, má lo oògùn ẹlòmíràn o.

Ti ìrìn ńkọ́? Ohun tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ni pé kí àgbàlagbà máa lo ara ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, o sì lè pín in sí mẹ́wàá mẹ́wàá. Máa rìn débi tó o fi lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tó ò ní í lè kọrin. Ìwọ tó o jẹ́ télọ̀, gbé áyọ́ọ̀nù rẹ lọ sí ìkángun ṣọ́ọ̀bù, kó má sí níbi tọ́wọ́ rẹ ti lè kàn án látorí àga. Gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ lọ ojú rírán wàá dìde. Ẹ̀yìn yẹn, ìjókòó gbọọrọ ló ń bá a jà.

Iyọ̀ náà ńkọ́, kò yẹ kó ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan ni gbogbo ẹ̀ o, tèyí tó wà nínú mágí àti búrẹ́dì àti indomie ti wà níbẹ̀. Irú wooro dáadáa lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìdajì mágí tẹ́ ẹ̀ ń dà sọ́bẹ̀.

Àǹtí_Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Mummy ti sọ ọ́ tán. Èmi kàn fẹ́ bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yéé bọ ẹ̀fọ́ tán kẹ́ ẹ wá fún omi ẹ̀ dànù, fítámì C ló ń bá omi yẹn lọ. Ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ gé e, ẹ jẹ́ kó kàn rọ̀ lórí ata. Mínírà náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ òde.

Baba_Ìdí_Ayò
Ẹ ṣeun Mummy, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa rìn kánmọ́kánmọ́ ní Ọláìyá tí ọ̀kadà ò ní í gbá a? Ìdájí ni o, kí títì tó kún, tàbí kẹ́ ẹ lọ yí Freedom Park po.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti inú tó ń bí yín yẹn. Àwọn kan á ní kéèyàn ṣáà máa ronú rere, owó iléèwé ọmọ ò dẹ̀ gbọ́ ìyẹn. Èèyàn ni kẹ́ ẹ wá. Èmi, tí mo bá kí Àsárì tán, ìdí ayò ló kàn, ẹnì kan á bú mi pé mi ò mọ ọmọ ta, èmi náà á bú u padà, a ó rẹ́rìn-ín títí, n ó sì wálé jẹun. Gbèsè tó wà ńlẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò ní í gbé e jágbe mọ́ ìyàwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá máṣíìnì nìkan sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ṣé inú ò ní í bí yín ni?

Télọ̀_Alékúwodò
Ẹ̀yin Mummy mo dúpẹ́ o, mo ti gbé áyọ́ọ̀nù lọ sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń kùn báyìí. Baba ìdí ayò, ẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi níbẹ̀, màá kó ọmọ yẹn jẹ. Ìbéèrè kan ló kù, tí oorun bá gbé mi lọ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé kí n sùn?

Nọ́ọ̀sìTóTiFẹ̀yìntì
Sùn, ṣùgbọ́n kó má ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, kó sì tó di aago mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá tún máa ṣọ́ òrùlé lóru. Wákàtí méje ó kéré tán ni kó o máa sùn lálẹ́. Tí ìyàwó rẹ bá ní o máa ń hanrun gan-an tí èémí á sì dúró díẹ̀ lójú oorun, sọ fún dókítà lọ́jọ́ tó o bá lọ yẹ bípì. Tí inú rẹ ò bá sì dùn sí nǹkan kan mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, títí kan ayò yẹn, sọ ìyẹn náà fún un, má tijú.