Ṣé látilẹ̀ ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò?

Ọmọ Ìlàjẹ: Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ayétòrò, ìlú etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ni wọ́n ti bí bàbá mi, àmọ́ Àkúrẹ́ ni mo dàgbà sí. Ṣé òkun ti ń yọ ìlú náà lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ọlọ́jà: Rárá, ọmọ mi. Nígbà tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni kan, tẹ ìlú náà dó ní 1947, òkun jìnnà sílé. Ìlú tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, tí a jọ ń jẹun. A ń kan ọkọ̀ ojú omi, iná mànàmáná sì ti dé ibẹ̀ ní 1953. Ẹrẹ̀ ni etí òkun tiwa, kò sí yanrìn bíi ti Àgbádárìgì tó lè gba ìgbì dúró. Omi ń gòkè, ilẹ̀ ń rì. Opó ilé wa ṣì dúró nínú omi báyìí, àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́ ọn. Ibi tí mo ti ń sá ẹja nìyẹn!

Apẹja: Òótọ́ ni màmá sọ. Ìtẹ́ òkú pàápàá ti bá omi lọ. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe, a ò rí i. Ó ń dùn mí gan-an.

Ọmọ Ìlàjẹ: Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ṣé ilé ìjọsìn ńlá ṣì wà?

Ìyá Ọlọ́jà: Òkun ti kàn án lára. Tètè wá wò ó, kí o mú bàbá rẹ dání.